Ìrora Lọ, Ọgbẹ́ Kù: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣan Ẹ̀yìn Itan

Àìsàn kan wà tí a kì í pè ní àìsàn, tí ó sì ń mú àwọn tí ó yára jùlọ láàárín wa kúrò lórí pápá ní ọdọọdún. Kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe egbò tí ojú lè rí. Ẹni tí ó ń ṣe yóò máa rìn láàárín wa bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Yóò jẹun, yóò kọrin, yóò kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi gbogbo agbára sáré, ẹ̀yìn itan rẹ̀ yóò fàya, yóò sì dúró lójijì bí ẹni tí a sọ lókò. Yóò sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ìrora yóò lọ, yóò padà sórí pápá, ibi kan náà yóò sì tún fàya. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún fún ẹlòmíràn. Ìdí tí àrùn yìí fi ń padà, àti ọ̀nà tí a fi lè borí rẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn eléré nìkan ni. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìwé nìkan. Ní ilé-ìwé tí a ó rán olúkúlùkù wa lọ, àwa ni a ó máa darí ìdárayá, àwa ni a ó yan àwọn ọmọ tí yóò sá eré ìje, àwa náà ni a ó sì kọ́kọ́ ké sí nígbà tí ọmọ bá ṣubú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ìwòsàn yóò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tíṣà ni yóò pinnu bóyá ọmọ náà yóò sinmi tàbí yóò sáré.

BÍ IṢAN NÁÀ TI RÍ

Ohun tí a ń pè ní iṣan ẹ̀yìn itan kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ ìyá. Láti ara egungun tí a fi ń jókòó, nísàlẹ̀ ìdí, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìn itan, wọ́n sì kọjá lẹ́yìn orúnkún. Méjì nínú wọn so mọ́ egungun ojúgun ní apá inú. Ẹ̀kẹta so mọ́ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní apá òde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kí ó jókòó lórí àga, kí ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ wọ́ ọ sẹ́yìn, kí ó sì fi ìka kan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Yóò rí i pé okùn líle yọ ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Èkíní, àwọn ni ó ń ká orúnkún. Èkejì, àwọn ni ó ń ti itan sẹ́yìn, tí ara fi ń lọ síwájú nígbà tí a bá ń sáré. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun náà sì ni ó léwu jù. Nígbà tí eléré bá ju ẹsẹ̀ síwájú, ojúgun rẹ̀ a máa fò lọ pẹ̀lú agbára ńlá. Kí ẹsẹ̀ náà tó kan ilẹ̀, iṣan ẹ̀yìn itan gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, iṣan náà ń gùn, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dàbí ẹni tí ó ń fi okùn sọ ẹrù wúwo kalẹ̀ láti orí àjà: ó ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹrù náà bá yára ju agbára ọwọ́ lọ, okùn yóò bó o lọ́wọ́. Níbẹ̀ gan-an ni iṣan ti máa ń fàya jùlọ nínú eré sísá, èyí tí ó wà ní apá òde ni ó sì máa ń ṣe jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó fi ń fàya. Ẹni tí ó ju ẹsẹ̀ sókè jù, bí oníjó tàbí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó wà lókè, lè fa iṣan apá inú ya nítòsí egungun ìdí. Ẹ kíyè sí i pé irú èyí kì í sábà dunni púpọ̀ ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ju ti eré sísá lọ kí ó tó sàn. Nítorí náà a kò lè fi bí ìrora ọjọ́ kìíní ti pọ̀ tó wọn iye ọjọ́ tí ìwòsàn yóò gbà.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń PADÀ

Ẹni tí ó bá ti rí bàbá rẹ̀ tí ń mọ ògiri amọ̀ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. A kì í mọ ògiri tán ní ọjọ́ kan. A ó mọ ìpele kan, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni a ó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá wo ojú amọ̀ nìkan, tí ó rí i pé ó ti gbẹ, tí ó sì gbé ìpele kejì lé e kíákíá, yóò rí ògiri rẹ̀ tí yóò là, nítorí pé inú rẹ̀ tutù síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan tí ó fàya. Ẹ̀jẹ̀ yóò dà sí ibẹ̀, ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpá dí ojú ọgbẹ́ náà. Ìrora a máa dínkù láàárín ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àpá náà yóò gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù púpọ̀, kí ó tó le dáradára. Ìrora lọ, ọgbẹ́ kù. Ojú amọ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ kò tí ì gbẹ.

Ohun kejì tún wà. Nígbà tí a dùbúlẹ̀ tí a ń sinmi, iṣan tí kò fàya rárá nínú itan kan náà ń rù, ó sì ń rọ. Nítorí náà ẹni tí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìṣe ohunkóhun ń gbé ẹsẹ̀ tí ó rọ ju ti ìṣáájú padà sórí pápá, ó sì ń fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ líle pàápàá kò lè ṣe. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rù ìrora a máa mú kí ara dá agbára iṣan náà dúró láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀, pàápàá nígbà tí iṣan bá gùn dé òpin. Ibi tí eré sísá ti ń fẹ́ agbára rẹ̀ jùlọ ni ó ti rọ jùlọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbà pé kò sí ohun tí ó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé iṣan yìí yóò fàya tó pé ó ti fàya rí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹni náà padà sórí pápá ni ó sì léwu jùlọ.

Ayé ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún 1992, níbi ìdíje Olíńpíìkì ní ìlú Barcelona, Derek Redmond ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sá eré 400 mítà ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Kò tí ì sá dé ìdajì nígbà tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fàya. Bàbá rẹ̀ fò wọ inú pápá, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì sì jọ rìn títí dé òpin pẹ̀lú omijé. Gbogbo ayé yin ìgboyà náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Redmond kò sá eré Olíńpíìkì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, Michael Owen, agbábọ́ọ̀lù Liverpool tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, fa iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ya nígbà tí ó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ní ìlú Leeds. Iṣan náà tún yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn ìgbà náà. Lóòótọ́, ní ọdún 2001 a fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jùlọ ní Yúróòpù, èyí tí ó fi hàn pé ẹni tí iṣan rẹ̀ fàya lè tún gòkè. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé eré òun kò tún yá bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ní àwọn oníṣègùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ọmọ ilé-ìwé tí ó ní tíṣà rẹ̀ nìkan?

Èyí tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá fàya lẹ́ẹ̀kíní, a ó kẹ́dùn. Nígbà tí ó bá fàya lẹ́ẹ̀kẹta, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ẹ̀rù eré ni ó ń bà á. Nítorí ìtìjú yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń parọ́ pé ara àwọn ti yá, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tún ọgbẹ́ náà ṣí.

OHUN TÍ A TI DÁN WÒ

Nígbà àtijọ́ a máa ń gbà pé kí ẹni tí iṣan rẹ̀ fàya dùbúlẹ̀ títí ìrora yóò fi tán. Ìdánwò àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé ọ̀nà kan sàn ju èyí lọ. Ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, nínú ìròyìn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, a pín 50 eléré tí iṣan itan tàbí ti ẹ̀yìn ojúgun wọn fàya sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìdárayá ìwòsàn ní ọjọ́ kejì, àwọn ìyókù ní ọjọ́ kẹsàn-án. Àwọn tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ padà sí eré ní nǹkan bí ọjọ́ 62; àwọn tí ó dúró, ní ọjọ́ 83. Ìdúró ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó fa ìdádúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ilẹ̀ Swídìn, nínú ìròyìn ọdún 2013, a wo agbábọ́ọ̀lù 75. A fún apá kan ní ìdárayá tí ń mú kí iṣan ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá ń gùn. A fún apá kejì ní ìdárayá tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ti ìṣáájú padà ní nǹkan bí ọjọ́ 28, àwọn ti ìkẹyìn ní ọjọ́ 51.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wúlò fún wa jùlọ. Ní Dẹ́nmáàkì kan náà, nínú ìròyìn ọdún 2011, a wo agbábọ́ọ̀lù 942. Nǹkan bí ìdajì wọn ṣe ìdárayá ìkúnlẹ̀ kan tí n ó ṣàlàyé láìpẹ́; ìdajì kejì kò ṣe é. Láàárín àwọn tí kò ṣe é, iṣan fàya nígbà 52. Láàárín àwọn tí ó ṣe é, nígbà 15 péré. Bí a bá sì ka àwọn tí ti wọn jẹ́ àpadàwá nìkan, 20 ni ní apá kan, 3 ni ní apá kejì. Ìdárayá yìí kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ. Ilẹ̀ àti ọ̀rẹ́ kan ni ó gbà.

ÌPELE MẸ́RIN ÌWÒSÀN

Ìpele kìíní ni ti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹni náà dá eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aṣọ tí a rì sínú omi tútù lè dín ìrora kù, a sì lè fi aṣọ wé itan náà. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fọwọ́ ra ibẹ̀, kí a má sì ṣe nà án tipátipá, nítorí pé èyí lè mú kí ọgbẹ́ náà tún ṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa jókòó tẹ gìgísẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí mo ti wí lókè.

Ìpele kejì: kí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí ó ká orúnkún, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ó sì gbé ìdí sókè. Kí ó ka ení títí dé àrún-ún, kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó sinmi, kí ó tún ṣe é. Bí ó bá ti rọrùn, kí ó ti gìgísẹ̀ síwájú sí i. Bí ìyẹn náà bá ti rọrùn, kí ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣe é.

Ìpele kẹta ni iṣẹ́ gígùn. Kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó tẹ̀ síwájú láti ìbàdí láìká ẹ̀yìn kò, kí ẹsẹ̀ kejì máa lọ sẹ́yìn, kí ó sì padà dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìdárayá ìkúnlẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ lórí aṣọ tí a ká, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀. Kí ó na ara ṣánṣán láti orúnkún dé orí, kí ó sì máa wó lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ó máa fi iṣan ẹ̀yìn itan dá ara dúró títí kò fi ní lè ṣe é mọ́. Nígbà náà ni yóò fi ọwọ́ gba ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń ṣe é, 5 lọ́nà méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì, 6 lọ́nà méjì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni a ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí iye rẹ̀ sì ń gòkè títí di 12, 10, àti 8. Odindi ọ̀sẹ̀ 10 ni, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí agbára náà má bàa lọ.

Ìpele kẹrin ni eré sísá fúnra rẹ̀: ìdajì agbára ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà gbogbo agbára. Kí ó ti sáré pẹ̀lú gbogbo agbára lẹ́ẹ̀melòó kan níbi ìdánrawò kí ó tó sá eré ìje. Kò yẹ kí ọjọ́ ìdíje jẹ́ ọjọ́ kìíní tí iṣan náà yóò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a lè kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn? Kí a bi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì léèrè. Ìrora kékeré nígbà ìdárayá, tí ó ti lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí òwúrọ̀ bá mú ìrora tí ó ju ti àná lọ wá, tàbí tí ẹni náà ń tiro, kí a padà sẹ́yìn ní ìpele kan. Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

ÌRORA LÓRÍ ÀGA ÀTI ÌKÌLỌ̀ FÚN TÍṢÀ

Irú kan wà tí kò fàya lójijì rárá. Ìdí ni ó ti ń dunni, níbi tí okùn líle iṣan náà ti so mọ́ egungun, pàápàá nígbà tí a bá jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tàbí tí a ń sáré gun òkè. Nínà tí ọ̀pọ̀ ń nà án kí ó lè rọ̀ a máa mú un burú sí i, nítorí ó ń fún okùn náà mọ́ egungun. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa dìde lóòrèkóòrè, kí ó fi tìmùtìmù sórí àga, kí ó dín eré kù, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ ìpele kejì àti ẹ̀kẹta díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò gbà.

Àwọn àmì kan sì wà tí ó kọjá agbára tíṣà. Bí a bá gbọ́ ìró bí ìgbà tí okùn já, bí ẹ̀yìn itan bá dúdú púpọ̀, tí ẹni náà kò sì lè rìn, iṣan lè ti já kúrò lára egungun pátápátá. Dókítà ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ abẹ yẹ. Bí ìrora bá ti ẹ̀yìn wá, tí ó sì kọjá orúnkún dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìjẹrìnrìn, ó lè má jẹ́ ti iṣan yìí rárá. Èyí tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ti àwọn ọmọ tí ń dàgbà, láti bí ọmọ ọdún 13 títí dé 17. Egungun ìdí wọn kò tí ì so pọ̀ tán; ohun tí yóò fa iṣan àgbà ya lè já èérún egungun kúrò lára ti ọmọ. Ọmọ ilé-ìwé tí ìdí bá ta lójijì lórí eré, ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ kan yóò wá bá olúkúlùkù wa ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, yóò wí pé, “Tíṣà, kò dùn mí mọ́, sà.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa wo ẹnu wa, nítorí pé òun ni ó yára jù nínú wọn. Kí a má ṣe bi í bóyá ó ń dùn ún. Kí a ní kí ó gbé ìdí sókè lórí ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà lórí èkejì, kí a rí bóyá wọ́n dọ́gba. Kí a bi í bí ó bá ti sáré pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àti bí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ti rí. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a fi í ṣe ẹni tí yóò máa ka ìṣẹ́jú eré ní ọjọ́ náà, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí ojú má sì tì í. Ife ẹ̀yẹ yóò tún padà wá ní ọdún tí ń bọ̀, ọmọ náà yóò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sáré gbà á.